Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí oògùn ìrora: kì í ṣe orúnkún ni tramadol ń lọ

Ẹni tí orúnkún ń ro á gbé tramadol mì, ìrora á rọlẹ̀, á wá gbà pé orúnkún ni oògùn náà bá jà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣan ló ń gbé ìròyìn ìrora láti orúnkún wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn, kó tó dé ọpọlọ. Ojú ọ̀nà yẹn ni tramadol àti àwọn oògùn ìrora tó jẹ́ ẹbí rẹ̀, codeine àti morphine, ti ń ṣiṣẹ́. Eegun tó ń ha ara wọn nínú orúnkún ṣì ń ha ara wọn. Àìmọ èyí ló bí púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tó ń pa èèyàn.

Lára àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan ni ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní rìsẹ́pítọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi wé ìjókòó. Ní 1973, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Candace Pert àti Solomon Snyder fi hàn ní Yunifásítì Johns Hopkins, nílùú Baltimore ní Amẹ́ríkà, pé ìjókòó tí morphine ń lò wà nínú ọpọlọ lóòótọ́. Ní 1975, John Hughes àti Hans Kosterlitz, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Aberdeen lórílẹ̀-èdè Scotland, rí ẹni tó ni ín: enkephalin, tí ọpọlọ ń ṣe fúnra rẹ̀ láti fi bomi pa ìrora. Morphine kàn gba ìjókòó onílé ni. Tó bá ti jókòó, sẹ́ẹ̀lì á dákẹ́, ìròyìn ìrora kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ kọjá mọ́.

Àmọ́ ojú ọ̀nà ìrora nìkan kọ́ ni ìjókòó yìí wà. Ó wà nínú ìfun, ìdí nìyẹn tí ìgbẹ́ fi máa ń ṣòro láti yà fún ẹni tó ń lo codeine. Ó tún wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tó ń darí èémí. Oògùn kò mọ èwo la rán an sí nínú wọn. Gbogbo wọn ló ń jókòó lé.

Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ ọ́ di méjì torí pé ọ̀kan kò tíì mú ìrora lọ. Tramadol tí àgbàlagbà ń lò láàárín wákàtí 24 kò gbọ́dọ̀ kọjá 400 mg, kápúsù 50 mg sì ni dókítà sábà máa ń kọ. Àwọn tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ ní gáréèjì máa ń jẹ́ 200 tàbí 225 mg. Ẹyọ méjì 225 ti di 450. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà àti lébìrà ló ń lò ó kí iṣẹ́ má bàa rẹ̀ wọ́n, ó sì ń dùn mí, torí pé okun kankan kò sí nínú rẹ̀. Tramadol tún máa ń dá serotonin àti noradrenaline, àwọn kẹ́míkà tí iṣan fi ń ránṣẹ́ síra wọn, dúró sáàárín àwọn iṣan, ojú á wá dá, ara á dà bíi pé ó yá. Tó bá pọ̀ jù, ó lè fa gìrì bíi ti oníwárápá, lórí ọ̀kadà tàbí lórí àkàbà ilé tí wọ́n ń kọ́.

Èyí tó burú jù ni àpòpọ̀. Ẹ má ṣe lo àwọn oògùn yìí pẹ̀lú ọtí, paraga, tàbí oògùn oorun bíi Valium àti Lexotan. Ìjókòó tiwọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n àwọn náà ń mú ọpọlọ dákẹ́, èémí á sì máa fà sẹ́yìn láti ọ̀nà méjì. Ẹni náà á máa hanrun, ará ilé á ní ó ń sùn. Tí ẹ bá jí i tí kò jí, tí èémí rẹ̀ ń jìnnà síra, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, kì í ṣe oorun. Ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló lè gbà lọ. Ẹ yí i dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ naloxone, tó ń ti tramadol àti ẹbí rẹ̀ kúrò lórí ìjókòó, tí èémí á fi padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má tètè mú un lọ sílé tó bá ti lajú: agbára naloxone lè tán kí tramadol tó kúrò lára.

Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́ kò gbọ́dọ̀ já a lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà ló yẹ kó máa dín in kù fún un. Ẹni tó sì ti fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bóyá orí òkè àdúrà ló wà tàbí ẹ̀wọ̀n, kò gbọ́dọ̀ padà sí iye tó ń lò tẹ́lẹ̀. Ara tí oògùn ti mọ́ tẹ́lẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀. Iye tí kò ṣe é ní nǹkan kan lánàá lè pa á lónìí.

Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ní codeine. Inú ẹ̀dọ̀ ló ti ń di morphine, ẹ̀dọ̀ àwọn kan sì ń yí i padà kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi tó ní codeine àti kíkó o wọlé.

Oògùn ìrora ni ibuprofen àti diclofenac náà, ṣùgbọ́n wọn kò sí nínú ẹbí tramadol. Ibi tó wú gan-an ni wọ́n ń lọ. Ẹ má lo méjèèjì pọ̀, nítorí ọgbẹ́ inú àti kíndìnrín.

Àṣìṣe kan ṣẹ́kù tó lòdì sí gbogbo èyí. Aláìsàn jẹjẹrẹ wà nílé tó ń ké tòru-tọ̀sán, ẹbí rẹ̀ ní àwọn kò fẹ́ morphine torí pé yóò sọ ọ́ di ajoògùn-yó. Ìyà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jẹ nìyẹn. Tí dókítà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba, tó ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ bí ìrora ṣe rí, aláìsàn á máa mí, á máa jẹun, á sì máa bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè morphine olómi. Ẹ béèrè oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, torí pé morphine kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ́ ìfun lára bó ṣe ń mọ́ àwọn ẹ̀yà ara yòókù lára.