Bí A Ṣe Ń Lo Lẹ́tà Ńlá Nínú Èdè Jámánì, Pẹ̀lú Díẹ̀ Nínú Ọ̀rọ̀ Ojoojúmọ́

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ èdè Jámánì níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́, yálà akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó fẹ́ lọ kàwé sí i lọ́hùn-ún tàbí nọ́ọ̀sì tó ń wáṣẹ́ lọ, gbọ́dọ̀ tètè mọ òfin lẹ́tà ńlá, nítorí òun ló máa kọ́kọ́ tú u fó tó bá kọ̀wé.

Nínú Yorùbá, orúkọ ènìyàn, orúkọ ìlú àti irú wọn ni à ń fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ láàárín gbólóhùn. Ní ti èdè Jámánì, gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ ni, ìbáà ṣe iyọ̀ tàbí omi. Ohun tí à ń rà ní ọjà Jagun ni mo fẹ́ràn láti fi bẹ̀rẹ̀: das Brot ni búrẹ́dì, der Reis ni ìrẹsì, das Salz ni iyọ̀, die Zwiebel ni àlùbọ́sà, der Fisch ni ẹja, das Wasser sì ni omi. Ẹ há der, die tàbí das, ìyẹn ọ̀rọ̀ kékeré tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ láti fi hàn bóyá akọ, abo tàbí aláìṣakọ-aláìṣabo ni, sórí pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà, torí pé a kì í sábà lè fi òye gbé e. Mädchen, tí í ṣe ọmọdébìnrin, das ni wọ́n ń lò fún un.

Lẹ́tà ńlá yìí a máa yí ìtumọ̀ padà. Essen ni oúnjẹ, essen sì ni kí a jẹun. Guten Morgen ni a fi ń kíni láàárọ̀, ṣùgbọ́n morgen tó ní lẹ́tà kékeré, ọ̀la ni.

Ibi tí àwa tí a ti fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé ti sábà máa ń ṣì í ni ich, èyí tó túmọ̀ sí "èmi": lẹ́tà kékeré ni, àfi tó bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó jẹ mọ́ orílẹ̀-èdè, bíi deutsch (ti Jámánì), kò gba lẹ́tà ńlá, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ orúkọ èdè fúnra rẹ̀, a ó kọ ọ́ báyìí: Ich lerne Deutsch (Mò ń kọ́ èdè Jámánì).

Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé kò ṣòro fún Yorùbá. Bí a ṣe ń sọ pé "Bàbá ti dé, wọ́n wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀" nípa ẹnì kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ tó dúró fún "wọ́n" náà ni àwọn ará Jámánì fi ń bá àgbà tàbí àlejò sọ̀rọ̀ lójúkojú, ṣùgbọ́n lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Kommen Sie? ni "Ṣé ẹ ń bọ̀?" Kommen sie? ni "Ṣé wọ́n ń bọ̀?" Ọ̀rẹ́ àti ọmọdé ni à ń pè ní du (ìwọ), ṣùgbọ́n láti 2006, a tún lè kọ ọ́ ní Du nínú ìwé tí a bá kọ ránṣẹ́ sí wọn.

Ẹ fi gbólóhùn yìí dán ara yín wò: Ich kaufe morgen deutsches Brot und Reis (Mo máa ra búrẹ́dì Jámánì àti ìrẹsì lọ́la). Ich gba lẹ́tà ńlá nítorí pé òun ló bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Brot àti Reis gbà á nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni wọ́n. Ní ti kaufe, morgen, deutsches àti und, wọn kò gbà á.