Amọ̀ Ìṣeré Olóòórùn Dídùn Fún Àwọn Ọmọdé Nígbà Ọlidé Ọdún

Bí ilé ìwé bá ti gba ọlidé Kérésì, tí ọyẹ́ sì ti mú, àárọ̀ dalẹ́ ni àwọn ọmọ kéékèèké máa ń wà nílé. Amọ̀ ìṣeré tí a fi fúláwà sè bá irú àsìkò yìí mu. Ó rọ̀ ju amọ̀ odò lọ, kì í ba aṣọ jẹ́ tó bẹ́ẹ̀, bí a bá sì sè é jinná dáadáa, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìbàjẹ́. Ìwé yìí wà fún òbí, alágbàtọ́ àti olùkọ́ jélé-ó-sinmi tí ọmọ ọdún 2 sí 6 wà lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú jù ni pé inú ilé ìdáná ni kí òórùn amọ̀ yìí ti wá. Ẹ má fi lọ́fíńdà sí i, ẹ má fi ìpara tó ń ta imú sí i, ẹ má sì fi kàfúrà sí i. Kàfúrà ló burú jù. Èyí tí wọ́n ń fi sáàárín aṣọ sábà máa ń jẹ́ naphthalene, ó sì lè ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí G6PD, èròjà ara tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó lára rẹ̀ jẹ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ wa, pàápàá láàárín àwọn ọkùnrin, ọ̀pọ̀ òbí ni kò sì mọ̀ títí ojú àti ìtọ̀ ọmọ yóò fi pọ́n.

Àwọn àgbà kan á ní a kì í fi oúnjẹ ṣeré. Ọ̀rọ̀ gidi ni, fúláwà sì wọ́n. Nítorí náà, èyí tí kòkòrò ti wọ̀, tí ẹ kò lè fi din pọfu-pọ́ọ̀fù mọ́, ni kí ẹ lò. Ẹ fi asẹ́ kù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti bu, ẹ dà á nù.

Ohun tí ẹ máa lò

Ife kan náà ni kí ẹ fi wọn gbogbo rẹ̀. Ife tíì tó gba nǹkan bíi mìlílítà 250 dára. Fúláwà ife 2, iyọ̀ kíkúnná ife 1, òróró ṣíbí ìjẹun 2, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun 4, àti omi. Ìwọ̀n yìí tó ọmọ mẹ́rin, kí olúkúlùkù ní ìṣù kan tó tó ọsàn ńlá.

Iyọ̀ ni kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́. Omi ọsàn ń mú kó rọ̀ kó sì máa dán, ó tún ń bá iyọ̀ lé ohun tó ń bu sí i lára. Òróró ni kì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Láfún àti sítáàṣì kò lè ṣe iṣẹ́ fúláwà, torí pé ohun tó ń mú fúláwà fà kò sí nínú wọn. Amọ̀ tí a bá fi wọ́n sè á máa yọ̀, tàbí kó máa já.

Bí a ṣe ń sè é

Ẹni tó bá mọ ọkà á rò ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Ẹ tú omi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife, kí ẹ fi omi kún un dé ẹnu, kí ẹ sì wọn odindi ife omi kan sí i. Ẹ da iyọ̀ sí omi náà, kí ẹ rò ó. Kì í ṣe gbogbo iyọ̀ ni yóò yọ́, ìyẹn kò burú. Bí iyọ̀ yín bá jẹ́ oníhóró, ẹ kọ́kọ́ lọ̀ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ amọ̀ á máa ha ọwọ́ ọmọ. Ẹ wá da fúláwà àti òróró sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ rò ó títí yóò fi ki bí ẹ̀wà lílọ̀ tí a fẹ́ fi din àkàrà. Ìkòkò kò tíì dé orí iná o. Gbogbo èyí ni ọmọ lè bá yín ṣe: kó wọn, kó kù, kó dà, kó rò.

Iná wá di ti àgbà. Ẹ gbé e ka iná kékeré, kí ẹ máa fi ọmọrogùn rò ó láìdúró fún ìṣẹ́jú 4 sí 6. Níbẹ̀rẹ̀, á dà bíi pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ìsàlẹ̀ ìkòkò á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kókó. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ sáà máa fọ́ kókó náà mọ́ ara ìkòkò. Lójijì gbogbo rẹ̀ á ṣù jọ, á kúrò lára ìkòkò, á sì tẹ̀lé ọmọrogùn lọ bọ̀ bí ọkà tó jinná. Ẹ já díẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ yí i láàárín ìka méjì. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, ó ti tó. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Má ṣe fo sísè yìí. Fúláwà tútù lè ní kòkòrò àrùn, iná ló ń pa á, ọmọdé sì máa ń fi ìka sẹ́nu. Lẹ́yìn sísè, ẹ dà á sórí páànù tí ẹ fi òróró pa, kí ẹ fi aṣọ tútù bò ó fún ìṣẹ́jú 15. Òde rẹ̀ á tutù kí inú rẹ̀ tó tutù, nítorí náà àgbà ni kó kọ́kọ́ pò ó, kó là á sí méjì, kó fọwọ́ kan àárín rẹ̀ kó tó gbé e fún ọmọ.

Òórùn

Níbí ni eré gan-an wà. Kí òórùn tó wọ inú amọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ bá ọ̀kọ̀ọ̀kan pàdé lórí àwo kékeré. Ẹ má gbé ìyẹ̀fun sábẹ́ imú rẹ̀, torí bó bá fà á símú, ó lè há a. Ẹ gbé àwo jìnnà díẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ fẹ́ òórùn náà sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ bi í pé kí ni ó jọ.

Atalẹ̀ gbígbẹ tí a lọ̀, ṣíbí ìjẹun 1 fún gbogbo ìṣù náà. Ẹ má lo tútù, omi rẹ̀ máa ń ta ni lọ́wọ́. Sínámónì náà, ṣíbí ìjẹun 1. Kànáfùrù ní tirẹ̀ le púpọ̀: ìdajì ṣíbí tíì ti tó, ó sì gbọdọ̀ kúnná. Atalẹ̀ àti kànáfùrù pọ̀ ló jọ òórùn ọdún lójú tiwa. Ẹ pò wọ́n mọ́ fúláwà kí ẹ tó dà á sínú omi.

Èèpo ọsàn dára púpọ̀, kò sì náni ní nǹkan kan. Ẹ fi ọ̀bẹ ha èèpo òde nìkan, kí ẹ má gba funfun inú rẹ̀, kí ẹ sá a lọ́jọ́ méjì nínú ọyẹ́, kí ọmọ gún un nínú odó kékeré. Ṣíbí ìjẹun 2.

Bó bá jẹ́ ewé tíì, tí àwọn mìíràn ń pè ní kooko ọba, ni ẹ fẹ́, ẹ sè é: ewé 10 nínú omi ife 3, fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ fi omi náà rọ́pò omi lásán. Ẹ má gé ewé tútù sínú amọ̀ rárá, yóò jẹrà. Fànílà kò gbọdọ̀ rí iná, torí iná ló ń gbé òórùn rẹ̀ lọ. Ẹ kán ṣíbí tíì 1 sí i nígbà tí ẹ bá ń pò ó. Òróró àgbọn lè rọ́pò òróró lásán, ṣùgbọ́n ó máa ń dì nínú òtútù ọyẹ́, nítorí náà amọ̀ á le láàárọ̀, ẹ kàn fi àtẹ́lẹwọ́ mú un lọ́wọ́ọ́rọ́. Ní ti kòkó, òórùn rẹ̀ dùn jù. A kò gbà kí ẹ lò ó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4, torí yóò jẹ ẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ àwọ̀, omi zobo pẹ̀lú omi ọsàn á pọ́n dáadáa. Láìsí omi ọsàn, á ṣókùnkùn bí eérú. Atalẹ̀ pupa ìdajì ṣíbí tíì ló ń fún un ní àwọ̀ ìyeyè, ṣùgbọ́n kì í tètè kúrò lára aṣọ. Omi ewéko kò dára, torí omi ọsàn á sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀.

Bí kò bá rí bí a ti fẹ́

Ó ń lẹ̀: kò jinná ni. Ẹ dá a padà sórí iná fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ẹ má tètè bu fúláwà sí i nígbà tó ṣì gbóná, torí bó bá tutù tán, á le bí òkúta.

Ó ń fọ́: ọyẹ́ ti gba omi rẹ̀, tàbí ẹ sè é jù. Ẹ rẹ ọwọ́ sómi, kí ẹ pò ó pẹ̀lú òróró ìdajì ṣíbí tíì.

Bí ẹ bá rí funfun lára rẹ̀, ẹ wò ó dáadáa. Bó bá ń dán tó sì dà bí iyanrìn, iyọ̀ ló yọ síta. Bó bá dà bí òwú, tàbí tó ní àwọ̀ ewé, ó ti bu, ẹ sọ ọ́ nù. Bí òórùn rẹ̀ bá rọ, ẹ fi díẹ̀ lára ohun tí ẹ lò níbẹ̀rẹ̀ sí i, kí ẹ tún un pò.

Ìṣọ́ra

Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin amọ̀ yìí, iyọ̀ ni. Ìtọ́wò díẹ̀ kò ní pa ọmọ lára, adùn rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kó tún un tọ́. Ṣùgbọ́n ìṣù kan léwu fún ọmọ kékeré. Bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 3, ìdajì ife iyọ̀ ni kí ẹ lò, amọ̀ náà kò ní pẹ́ ju ọjọ́ 4 tàbí 5 lọ, ẹ má sì jẹ́ kí ojú yín kúrò lára ọmọ náà. Bó bá gbé ìṣù mì, tó ń bì, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ tàbí tó ń tòògbé, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fi ìka sí i lọ́fun kó lè bì. Ẹ gbé àjẹkù kúrò níbi tí ajá lè dé, iyọ̀ inú rẹ̀ lè pa á.

Ọmọ tó ní egbò lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọmọ tí ara rẹ̀ kì í gba fúláwà kò gbọdọ̀ ṣe é rárá.

Ìdérí ìgò, ìyarun àti ṣíbí ni irinṣẹ́ tó dára. Ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀pà àti ẹ̀wà máa ń há ọmọdé lọ́fun, ẹ gbé wọn kúrò nítòsí. Bí eré bá parí, ẹ pọ́n amọ̀ náà sínú nylon, kí ẹ fi í sínú ike tó ní ìdérí, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ sè é sí i lára. Èyí tí ẹ fi omi zobo tàbí omi ewé sè, ẹ lò ó láàárín ọ̀sẹ̀ kan.