Bí ẹ ṣe lè tọpasẹ̀ ìtàn Anadolu Efes láì ṣìnà

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ife ẹ̀yẹ. Ẹni tó bá bi mí nípa Anadolu Efes, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti Istanbul, á ti sáré lọ wo iye ife tí wọ́n gbà. Á rí EuroLeague, ìdíje Yúróòpù tó ga jù, ti 2021 àti 2022, á ní ẹgbẹ́ olówó ni wọ́n, ó parí. Olówó ni wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí ìtàn wọn yé òun ní láti kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń náwó ọ̀hún, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti yàtọ̀ sí àwọn tí wọ́n jọ ń figagbága. Istanbul ni mò ń gbé, Efes ni mo sì ń tì lẹ́yìn. Ẹ ti gbọ́ o, kí ẹ má ṣe sọ pé mo ń ṣègbè ní kọ̀rọ̀.

Beşiktaş ti wà láti 1903, Galatasaray láti 1905, Fenerbahçe láti 1907. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló sọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, èrò tó ń tẹ̀ lé wọn lọ sí pápá náà ló ń tẹ̀ lé wọn wọ gbọ̀ngán alájùsáwọ̀n. Ní Istanbul, ogún ìdílé ni Fenerbahçe: bàbá á ti ra aṣọ wọn fún ọmọ kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Efes kò ní irú ogún bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bíà Efes Pilsen ló gba ẹgbẹ́ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Kadıköyspor ní 1976, nígbà tó ṣì wà ní líìgì kejì. Ní 1978 wọ́n gòkè. Sáà àkọ́kọ́ tí wọ́n lò ní líìgì àgbà, 1978–79, wọ́n gba ife lọ́wọ́ Eczacıbaşı tó ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn. Ilé iṣẹ́ oògùn ló ni Eczacıbaşı náà. Ẹ wá rí i pé láyé ìgbà yẹn, àwọn ilé iṣẹ́ ló ń bá ara wọn du ife, àwọn ẹgbẹ́ ńlá mẹ́ta yẹn ń wòran.

Torí náà, orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Efes Pilsen ni wọ́n ń jẹ́ títí di 2011. Lọ́dún yẹn ni àjọ ìjọba tó ń mójú tó tábà àti ọtí ní Túrkì gbé ìlànà jáde tí kò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ ọlọ́tí fi orúkọ ọtí polówó lára ẹgbẹ́ eré ìdárayá mọ́. Pilsen bọ́ sílẹ̀, Anadolu, orúkọ àgbájọ ilé iṣẹ́ tó ni wọ́n, wọlé. Tí ẹ bá ń wá ohun tó ṣáájú 2011 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Efes Pilsen ni kí ẹ tẹ̀. Tí ẹ bá tẹ Anadolu Efes, ìdajì ìtàn ni yóò jáde. Àwọn mìíràn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fenerbahçe Ülker, Fenerbahçe Doğuş, Fenerbahçe Beko: ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni, onígbọ̀wọ́ ló ń yí padà. Ülker alára ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, Ülkerspor, kó tó di pé ó kó owó rẹ̀ lọ bá Fenerbahçe ní 2006. Ẹni tí kò mọ èyí á máa ka ẹgbẹ́ kan bí mẹ́ta.

Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ Túrkì díẹ̀ pẹ̀lú. Şampiyon ni ẹni tó gba ife, kupa ni ife, yarı final ni ìpele tó kángun sí àṣekágbá, başantrenör ni akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà. Pẹ̀lú mẹ́rin yìí, ẹ lè ka tábìlì Túrkì èyíkéyìí. Bí ẹ bá rí sáà tí wọ́n kọ ní 1978–79, ọdún kejì ni wọ́n gba ife yẹn, kì í ṣe àkọ́kọ́.

Ohun tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú jù ni àwọn ìdíje Yúróòpù, torí oríṣiríṣi ni wọ́n, wọn ò sì dọ́gba. Ife Koraç, tí wọ́n fi sọrí Radivoj Korać, agbábọ́ọ̀lù Yugoslavia tó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní 1969, wà ní ìpele kẹta. European Cup tó padà di Saporta Cup wà ní ìpele kejì. Lórí gbogbo wọn ni èyí tí a ń pè ní EuroLeague lónìí. Ẹ ṣọ́ sáà 2000–01 dáadáa o! Ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín FIBA, àjọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àgbáyé, àti àwọn ẹgbẹ́, Yúróòpù sì ní adé méjì lọ́dún kan: Maccabi Tel Aviv gba SuproLeague ti FIBA, Kinder Bologna gba EuroLeague tuntun. SuproLeague ni Efes wà, wọ́n sì ṣe ẹ̀kẹta ní Paris, níbi tí ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kù ti parí ìdíje náà. Tí ẹ bá ń wá wọn nínú EuroLeague ọdún yẹn, ẹ ó wá wọn tì.

Ó wá kan àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Ẹ to èyí tí mo fẹ́ dárúkọ tẹ̀ léra wọn, kí ẹ sì máa wo iye àmì tó wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti pàdánù: àṣekágbá European Cup 1993 ní Turin. Aris ti Thessaloniki borí wọn pẹ̀lú 50 sí 48. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ wo Koraç 1996. Nígbà yẹn, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń ṣe àṣekágbá, wọ́n á sì pa àmì méjèèjì pọ̀. Ní Istanbul, Efes fi 76 sí 68 na Stefanel Milano. Ní Milano, wọ́n na Efes padà, 77 sí 70. Ẹ ṣírò ó: 146 sí 145. Àmì kan! Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ni Aydın Örs, Petar Naumoski ọmọ Makedóníà ló ń darí eré, Ufuk Sarıca àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mirsad Türkcan wà pẹ̀lú wọn. Kò tíì sí ẹgbẹ́ Túrkì kankan tó gba ife Yúróòpù nínú eré yìí ṣáájú wọn. Ẹlòmíì á ní ife ìpele kẹta lásán ni. Èmi ò gbà. Türkcan yìí ni ọmọ Túrkì àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù ní NBA. Hidayet Türkoğlu àti Mehmet Okur tẹ̀ lé e, ọwọ́ Efes náà ni àwọn méjèèjì ti lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fò lọ sí 2017–18. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ kì í fẹ́ mẹ́nu bà á, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fo sáà yìí, ohun tó tẹ̀ lé e kò ní ní ìtumọ̀. Nínú ẹgbẹ́ 16 ní EuroLeague, Efes ló gbẹ̀yìn: wọ́n borí nínú 7, wọ́n pàdánù 23. Àárín sáà burúkú yẹn, ní oṣù Kejìlá 2017, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Ergin Ataman padà dé. Mo ní padà, torí òun náà ló wà nídìí wọn nígbà tí wọ́n ṣe ẹ̀kẹta ní EuroLeague ní Thessaloniki ní 2000. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Shane Larkin àti Vasilije Micić wọlé ní 2018, nígbà tó sì máa di oṣù Karùn-ún 2019 wọ́n ti na Fenerbahçe 92 sí 73 ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá EuroLeague ní Vitoria. (Ẹ wo ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ bá mi wò ó lẹ́ẹ̀kẹta.) CSKA Moscow ló dá wọn dúró ní àṣekágbá, 91 sí 83. Sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n borí nínú 24, wọ́n pàdánù 4, wọ́n sì wà lókè tábìlì nígbà tí àrùn kòrónà fọ́ gbogbo rẹ̀ ká. Kò sí ife fún ẹnikẹ́ni.

Àṣekágbá 2021 ni Cologne: Efes 86, Barcelona 81, nínú gbọ̀ngán tí kò sí òǹwòran. 2022 ni Belgrade, èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ipò kẹfà ni wọ́n wà lẹ́yìn ìpele àkọ́kọ́. Níwájú Olympiacos, Micić ju bọ́ọ̀lù alámì mẹ́ta wọlé bí aago ṣe ń parí, 77 sí 74. Ní àṣekágbá, Real Madrid 57, Efes 58. Àmì kan mìíràn. Ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ Milano 1996, kí ẹ sì fi 50 sí 48 ti Turin sí òkè méjèèjì.

Gbọ̀ngán kò gba àkókò. Abdi İpekçi ní Zeytinburnu, tí wọ́n fi sọrí akọ̀ròyìn kan tí wọ́n yìnbọn pa ní 1979, ni ilé wọn látijọ́. Wọ́n wó o ní 2018. Sinan Erdem ní Ataköy ni wọ́n lò nígbà tí ife méjèèjì dé. Ní 2024 wọ́n padà sí Zeytinburnu, sí gbọ̀ngán tuntun tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ Abdi İpekçi. Fọ́tò tó bá sọ pé Sinan Erdem ni wọ́n ti gba Koraç, irọ́ ni: 2010 ni wọ́n ṣí i.

Ọ̀nà kan tún wà tí mo fi ń mọ̀ bóyá ohun tí mò ń kà ti di ògbólógbòó. Ní oṣù Kọkànlá 2019, Larkin ju àmì 49 wọlé sí Bayern Munich ní Sinan Erdem, kò sì sí ẹni tó jù bẹ́ẹ̀ rí ní EuroLeague tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2000 títí di ìgbà náà. Ní oṣù Kẹta 2024, Nigel Hayes-Davis ju 50 sí ALBA Berlin. Ẹgbẹ́ wo ló wà? Fenerbahçe. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí i kà pé Larkin ṣì ni ọ̀gá, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́.