Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Rẹ́kọ́ọ̀dù Gidi Gbé Jazz àti Hip Hop Síta ní Láùnjì ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin DJ wa tẹ́ ẹ wà ní Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti agbègbè ẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù ni mo fẹ́ bá yín sọ, àwo dúdú tí wọ́n ń gbé abẹ́rẹ́ lé, mi ò sọ ti orí fóònù o. Mo fẹ́ràn nǹkan yìí gan-an, mo sì fẹ́ kó tàn kálẹ̀ nílẹ̀ wa. Ẹni tó ń gbé hip hop lálẹ́ tí ò mọ jazz, ìdajì iṣẹ́ ló mọ̀. Orí rẹ́kọ́ọ̀dù náà ni hip hop ti bẹ̀rẹ̀ ṣá: ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1973, ní 1520 Sedgwick Avenue, Bronx, New York, ni DJ Kool Herc tí wọ́n bí ní Jàmáíkà ṣeré níbi àríyá àbúrò ẹ̀ obìnrin. Ohun tí Herc rí ni pé ibi tí ìlù nìkan bá ti ń dún nínú orin làwọn èèyàn ti máa ń jó jù, ló bá ń wá rẹ́kọ́ọ̀dù kan náà méjì, bí ìlù orí ti àkọ́kọ́ bá ti fẹ́ tán á gbé ti ìkejì wọlé, ìlù ò ní dá. Nígbà tó yá àwọn tó ń ṣe bíìtì wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé dùùrù, béèsì àti fèrè inú àwo jazz, wọ́n ń rápù lé e lórí. Jazz ni ìyá, hip hop lọmọ. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ gbé ìyá àtọmọ lálẹ́ kan náà, kí ẹni tó jókòó síbẹ̀ fi etí ara ẹ̀ gbọ́ pé wọ́n jọra.

Ẹ kọ́kọ́ wá àwo. Níbi tiwa níbí, pálọ̀ àwọn bàbá ni rẹ́kọ́ọ̀dù wà, nínú rédíógíráàmù tí wọ́n ti da aṣọ bò. Púpọ̀ ńbẹ̀ á jẹ́ jùjú, highlife àti àpàlà, ẹ máa rí Orlando Owoh tó jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ wa, ẹ máa rí King Sunny Adé tí ìdílé wọn jẹ́ ìdílé ọba l'Óǹdó, ẹ máa rí Haruna Ishola. Ẹ má fojú di wọ́n o, a máa lò wọ́n. Jazz ló ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ẹ wò ó nílé àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì àti àwọn tó kàwé lókè òkun láyé ọjọ́un. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ owó látẹnu ọ̀nà. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kí bàbá dáadáa, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ wá ní "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ̀kan." Wọ́n á sọ ibi tí wọ́n ti rà á, wọ́n á sọ ẹni tí wọ́n jọ jó o, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ débi tó parí sí. Tí chángà wọn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí àwo, ò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ bá wọn gba orin yẹn sórí flash kí wọ́n lè máa gbọ́ ọ nínú mọ́tò. Bàbá tẹ́ ẹ bá ṣe èyí fún, òun fúnra ẹ̀ lá pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó wà ní Ìjàpọ̀ fún yín.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yọ àwo jáde, torí ó wọ́pọ̀ kí páálí jẹ́ ti ẹnì kan kí àwo inú ẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíì. Ẹ dì í mú létí, ẹ gbé e sábẹ́ iná, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ìlà tín-ín-tín tó kàn hàn lójú ẹ̀, ariwo díẹ̀ nìyẹn á mú wá, orin á ṣì dún. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi èékánná wọ́ ọ kọjá jẹ́jẹ́ tí èékánná sì há síbẹ̀, àwo yẹn á máa fò, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ gbé e síwájú ojú yín bákan náà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá oòrùn ti ká a. Àwọn ti àtijọ́ tó ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, tó wúwo tó sì ń fọ́ bí àwo tánńganran, abẹ́rẹ́ tó yàtọ̀ ni wọ́n ń lò, ẹ má gbé abẹ́rẹ́ yín lé e láéláé.

Eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá àwo níbí. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ ìfọbọ́ ẹ̀kán kan, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, kẹ́ ẹ máa fọ̀ ọ́ yípo bí ìlà ẹ̀ ṣe lọ, ẹ má jẹ́ kómi kan bébà àárín. Ẹ fi distilled water ṣàn án, torí omi bóhóòlù máa ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ nínú ìlà tó bá gbẹ. Ẹ tò wọ́n lóòró, ẹ má tò wọ́n lé ara wọn, ẹ má sì fi wọ́n sínú mọ́tò lọ́sàn-án gangan.

Ó wá kan chángà, ẹ sì jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ síbí yìí torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń ba àwo jẹ́ jù. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti lẹ owó kọ́bọ̀ mọ́ orí apá chángà kí abẹ́rẹ́ má bàa fò. Ṣe ni abẹ́rẹ́ tó wúwo bẹ́ẹ̀ ń gbẹ́ orin kúrò nínú àwo! Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ yọ ìdérí abẹ́rẹ́, ẹ fi anti-skate (ohun tí kì í jẹ́ kí apá máa fà sí àárín àwo) sí òdo, ẹ wá máa yí òṣùwọ̀n tó wà lẹ́yìn apá yẹn síwá-sẹ́yìn títí apá á fi léfòó lójú kan, tí orí ò ní tẹ̀ sílẹ̀ tí ìdí ò sì ní tẹ̀. Ẹ di òṣùwọ̀n mú kó má yí, ẹ yí nọ́ńbà iwájú ẹ̀ nìkan sí òdo. Ìgbà yẹn lẹ máa wá yí gbogbo ẹ̀ pa pọ̀ dé iye gíráàmù tí ilé iṣẹ́ tó ṣe abẹ́rẹ́ yẹn sọ. Ti DJ máa ń tó gíráàmù 3 sí 4, ti inú ilé kì í sábà ju 2 lọ. Ẹ dá anti-skate padà, ó tán.

Wáyà wẹ́wẹ́ tó jáde lẹ́yìn chángà, ẹ dè é mọ́ ibi ground lára míksà (ẹ̀rọ tó ń po ohùn chángà méjèèjì pọ̀), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ óò máa gbọ́ "hùùù" mọ́jú. Ibi tí wọ́n kọ phono sí lẹ máa ki chángà bọ̀. Ìdí ẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n ń gé àwo wọ́n máa ń dín béèsì kù, wọ́n á sì fi kún ohùn tín-ín-rín, phono ló ń dá a padà sípò. Tẹ́ ẹ bá fi sí line, orin á kàn máa dún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ gbé chángà jìnnà sí sípíkà béèsì, kẹ́ ẹ wá bulọ́ọ̀kù tàbí pákó tó wúwo sábẹ́ ẹ̀, fóòmù lábẹ́ ìyẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ ti iná, torí ilé la wà. Àwọn chángà kan wà tó jẹ́ pé bí iná ṣe ń lù ni mọ́tò wọn ṣe ń sá, ara àwọn tó ń lo bẹ́líìtì ló pọ̀ sí, tí jẹnẹrétọ̀ bá wá ń sá sókè sódò, fèrè Miles Davis, ògbólógbòó olórin jazz, á máa gbọ̀n. Ẹ wá direct drive (èyí tí mọ́tò ẹ̀ ń yí àwo tààrà láì lo bẹ́líìtì) tó ní quartz tó ń ṣọ́ eré ẹ̀, bíi Technics SL-1200MK2 ti ọdún 1979, ìyẹn ò ní wo ojú jẹnẹrétọ̀. Inverter tàbí UPS kékeré sì ṣe pàtàkì, torí tí iná bá lọ láàárín orin, ṣe ni ohùn á máa rì lọ sílẹ̀.

Ó yá, eré ti bẹ̀rẹ̀. Láti aago méje sí mẹ́sàn-án, jazz nìkan, kí ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀ débi táwọn tó jókòó fi lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láì pariwo. Kind of Blue ti Miles Davis, 1959, ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé. Ẹ má gbìyànjú láti lẹ jazz mọ́ jazz bíìtì sí bíìtì o, onílù wọn ń mí, ó lè yá díẹ̀ kó tún falẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni adùn ẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí orin parí, kí dídún ìkẹyìn tán, kẹ́ ẹ tó gbé òmíì sílẹ̀.

Tó bá di mẹ́sàn-án, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọ jáde. Ẹ gbé Cantaloupe Island ti Herbie Hancock, 1964, kí wọ́n gbọ́ dùùrù ìbẹ̀rẹ̀ yẹn dáadáa, kẹ́ ẹ wá ju Cantaloop ti Us3, ẹgbẹ́ hip hop tó gé dùùrù yẹn, lé e. Ojú àwọn èèyàn á là! Ẹ gbé I Love Music ti Ahmad Jamal, 1970, ẹ jẹ́ kó lọ fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan, kẹ́ ẹ gbé The World Is Yours ti Nas, 1994, tẹ̀lé e, dùùrù kan náà ni, Pete Rock tó ṣe bíìtì ẹ̀ ló gé e. Ẹ tún wá The Low End Theory ti ẹgbẹ́ hip hop A Tribe Called Quest, 1991, torí Ron Carter tó ta béèsì fún Miles Davis láàárín ọdún 1963 sí 1968 wọlé wá ta béèsì fúnra ẹ̀ nínú àwo yẹn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ju ọmọ wọlé: ẹ gbé headphone sétí kan, ẹ wá ibi tí ìlù ti kọ́kọ́ bú, ẹ fọwọ́ dá àwo dúró lórí slipmat (aṣọ yíyọ̀ tó wà lábẹ́ àwo), ẹ fà á padà díẹ̀, kẹ́ ẹ dúró de ìgbà tí ìyá bá parí gbólóhùn dùùrù kan, kẹ́ ẹ wá tú ọwọ́. Hip hop sí hip hop nìkan lẹ máa mú bíìtì bára mu. Tí ọ̀kan bá ń lù 90 láàárín ìṣẹ́jú kan tí èkejì ń lù 94, pitch orí chángà (ibi tí wọ́n ti ń mú kí àwo yá tàbí kó falẹ̀) á gbé e, ó ń lọ sókè àti sísàlẹ̀ ní ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àwọn àgbà tó wà ní tábìlì ẹ̀yìn á béèrè tiwọn, ó sì yẹ kí wọ́n rí i gbà. Ọ̀nà tó dán jù ni ti Fela. Highlife àti jazz ni òun náà fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ ẹ̀ Koola Lobitos, Tony Allen tó ń lùlù fún un sì gbọ́ Art Blakey àti Max Roach, àwọn onílù jazz, kó tó di Tony Allen. Nítorí náà ẹ gbé Blakey, ẹ gbé Fela tẹ̀lé e. Ní 1980 Fela àti Roy Ayers tó jẹ́ olórin jazz jọ ṣe àwo, Roy Ayers yìí kan náà ló tún bá Guru tó ń rápù ṣe àwo Jazzmatazz ní 1993, bẹ́ ẹ ṣe máa gba ibẹ̀ padà sórí hip hop nìyẹn. Orlando Owoh ní tiẹ̀, ẹ gbé e láàyè ara ẹ̀, kí gbogbo ilé kọ ọ́.

Ẹ máa gbé páálí àwo tó ń dún síbi tí wọ́n ti lè rí i. Wọ́n á wá yà á, wọ́n á béèrè, ẹ dá wọn lóhùn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà: ta ló tẹ dùùrù, ọdún wo, ta ló gé e lẹ́yìn náà.

Oní láùnjì lè ní orin tó ń lọ lọ́wọ́ lòun fẹ́. Ẹ má bá a jà, ẹ fi Friday àti Saturday sílẹ̀ fún un. Wednesday tàbí Thursday tí àga ń ṣófo ni kẹ́ ẹ tọrọ, kẹ́ ẹ sọ fún un pé ẹni tó bá jókòó ti orin pẹ́ á tún béèrè àsun lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá ti gbà, ẹ ṣe é fún oṣù méjì gbáko, láì yẹ ọjọ́, kẹ́ ẹ tó jọ jókòó wo owó tó wọlé.