Kí owó yín má baà wọgbó: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ igbó ní yunifásítì

Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ IT, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ níta ilé-ìwé, wá bá wa nínú igbó ọba, ohun kan náà ni mo sì ń rí: bàtà olówó ńlá, báàgì tuntun, ẹ̀rọ GPS tí wọn ò tíì tú nínú páálí. Téèpù tí a fi ń wọn igi ńkọ́? "Sà, a rò pé ẹ máa ní." Òbí ti náwó nára, owó ọ̀hún sì ti wọgbó kí ọmọ tó wọ igbó. Inú ló bí mi tí mo fi jókòó kọ èyí. Mi ò ní máa ṣàlàyé ohun tí igbó ọba jẹ́ tàbí ìdí tí a fi ń gbin igi; ẹni tó bá ti wọ ẹ̀ka yìí ti gbọ́ ìyẹn ní 100 level.

1. Jíjókòó de change of course

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín kọ́ ló mú Forestry nínú fọ́ọ̀mù JAMB. Medicine lẹ mú, tàbí Pharmacy, tàbí Law, ilé-ìwé wá fi yín sí ibi tí àyè wà. Kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn fẹ́ yí i padà. Ohun tó burú ni kí ẹ máa sá kíláàsì látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, nítorí pé bọ̀dá kan ti gba owó lọ́wọ́ yín pé òun mọ ẹni tó máa "bá yín ṣe é". Bọ̀dá yẹn kò mọ ẹnì kankan. Ohun tí ẹ máa rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni carry-over Botany àti Maths, tí ẹ óò máa gbé kiri dé 300 level. Ẹni tó fẹ́ lọ nílò GPA tó dára, ẹni tó máa dúró náà nílò rẹ̀, nítorí náà ìwé kíkà ni ọ̀rọ̀ kàn ní ọ̀nà méjèèjì. Ẹ̀ka tí ẹ sì ń tijú rẹ̀ yìí, Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní i láti 1963.

2. Ríra ẹ̀rọ kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe

Fún pulọ́ọ̀tì iṣẹ́ àṣekágbá, ìyẹn ibi tí ẹ pààlà sí nínú igbó láti wọn igi inú rẹ̀, GPS inú fóònù yín tó. Ẹ kàn ti wa máàpù sílẹ̀ sórí rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, torí kò ní sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀. Bàtà òjò onírọ́bà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ń wọ̀ ni kí ẹ rà, ẹ jẹ́ kí àwọn aláfẹ́ máa wọ bàtà aláwọ. Drone kò lè rí ìdí igi lábẹ́ ewé tó dí pa, ìwé àṣẹ tí ẹ máa gbà láti fò ó nìkan sì tó iṣẹ́.

Wọ́n á wá ra GPS náà tán, wọn ò ní mọ̀ ọ́n lò. Àwọn ọmọ kan mú máàpù wá fún mi, wọ́n ní igbó Gàm̀bàrí nítòsí Ìbàdàn làwọn ti ṣiṣẹ́. Mo wò ó, mo tún un wò. Inú òkun ni pulọ́ọ̀tì wọn wà, nísàlẹ̀ Bonny. Gàm̀bàrí wà ní nǹkan bíi dígíríì 7.1 sí àríwá àti 3.9 sí ìlà-oòrùn. Wọ́n ti fi ọ̀kan sípò èkejì. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní kọ́lọ̀, wọ́n ti dì í pọ̀ mọ́ iṣẹ́ àṣekágbá, ọ̀gá wọn sì ti buwọ́ lù ú.

3. SPSS ayédèrú

Ọ̀fẹ́ ni R, tó lè ṣe ìṣirò tí ẹ ń torí rẹ̀ wá SPSS; ọ̀fẹ́ ni QGIS tí a fi ń ya máàpù. Ẹ yéé san owó láti kó fáírọ́ọ̀sì sínú kọ̀ǹpútà yín.

4. DBH

Ẹ jẹ́ kí n mí ná.

DBH ni ìbú (diameter) igi níbi tó ga tó àyà èèyàn: mítà 1.3 láti ilẹ̀ ni. Kì í ṣe àyà yín, kì í sì í ṣe àyà ọ̀rẹ́ yín tó ga jù yín lọ. Ẹ gé ọ̀pá kan sí mítà 1.3 gẹ́lẹ́, kí ẹ máa nà á ti ara igi; ibi tí orí ọ̀pá bá kàn ni téèpù ń lọ. Tí ilẹ̀ bá jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, apá òkè ni kí ẹ dúró sí. Tí igi bá tẹ̀, kí téèpù dábùú ara igi, kì í ṣe kó tẹ́jú bákan náà pẹ̀lú ilẹ̀. Tí igi bá ti pín sí méjì kó tó dé 1.3, igi méjì ni, ìlà méjì ni yóò sì gbà nínú ìwé yín. Tí ìtàkùn bá rọ̀ mọ́ ọn, abẹ́ ìtàkùn ni téèpù ń gbà. Tí ikán bá ti mọ erùpẹ̀ sí i lára, ẹ há a kúrò. Téèpù télọ̀ kò ju 150 sẹ̀ǹtímítà lọ, ó sì máa ń fà tó bá pẹ́. Ẹni tó bá gbé e dé ìdí ìrókò ti wá ṣeré ni.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ìyíká àti ìbú. Téèpù lásán ń sọ bí igi ṣe tóbi yíká fún yín ni; ẹ gbọ́dọ̀ fi 3.142 pín in kí ẹ tó rí ìbú. Téèpù tí wọ́n ṣe fún ìbú igi ti bá yín pín in tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan wá, ẹ má bi mí léèrè ilé-ìwé wọn, wọ́n pín ara wọn sí méjì nínú igbó tíìkì. Apá kan lo téèpù ìbú, apá kejì lo téèpù lásán. Nígbà tó di alẹ́, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ́lọ́ọ̀mù kan ṣoṣo. Tíìkì tí ìyíká rẹ̀ jẹ́ 126 sẹ̀ǹtímítà, 40 ni ìbú rẹ̀, basal area rẹ̀, ìyẹn bí ojú igi ṣe máa fẹ̀ tó tí a bá gé e ní 1.3, kò sì ju 0.126 mítà onígun mẹ́rin lọ. Tí ẹ bá kọ 126 sípò ìbú, yóò di 1.25. Ìlọ́po mẹ́wàá, díẹ̀ ló kù! Bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ tán nìyẹn, tí tíìkì tí àwọn fúnra wọn fi ọdún díẹ̀ jù lọ wá ní gẹdú ju igbó àìro lọ. Kọ̀ǹpútà kò jiyàn. Kọ̀ǹpútà kì í jiyàn.

Ẹlòmíì á ní, "Sà, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin péré náà ni mo fi ṣì í." Ó dáa. Igi 40 tí ẹ kọ ní 44, ìdá 10 nínú 100 lẹ fi ṣi ìbú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbú ni a ń fi ìbú sọ di púpọ̀ nínú ìṣirò basal area, nítorí náà ibẹ̀ ti fi ìdá 21 nínú 100 lé. Ẹ wá fi ìyẹn ṣírò owó gẹdú fún ìjọba tàbí fún ẹni tó fẹ́ ra igbó, kí ẹ sì dúró wo ohun tí agégẹdú máa fi ojú yín rí.

Mi ò tíì kan àwọn igi tí gbòǹgbò wọn máa ń gun ara igi lọ sókè: arère, afárá, àràbà. Ibi gbòǹgbò yẹn kọ́ lẹ ti ń wọ̀n ọ́n o! Ẹ wá ibi tí gbòǹgbò ti parí lára igi, ẹ fi 30 sẹ̀ǹtímítà lé e, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Ẹ óò nílò àkàbà nígbà míì, tàbí kí ẹ yá relascope, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìbú igi láti òkèèrè, ní ẹ̀ka yín, ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan tí ẹnì kankan kì í ṣí. Ọmọ kan so téèpù méjì pọ̀ níṣojú mi, ó fi yí gbòǹgbò àràbà po, ó wá kọ ìbú rẹ̀ ní mítà mẹ́rin ó lé. Inú rẹ̀ dùn, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun ya òun ní fọ́tò. Bàbá ẹ̀ṣọ́ igbó tó wà lọ́dọ̀ wa wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé igi lo wọ̀n ni, àbí yàrá?"

Àwọn tó ń wọn gíga igi ńkọ́? Wọ́n á dúró sí ìdí rẹ̀ gan-an, wọ́n á gbé ojú sókè títí ọrùn á fi máa dùn wọ́n. Ẹ sún sẹ́yìn. Ẹ jìnnà sí igi tó bí ó ṣe ga tó, kí ẹ rí ìdí rẹ̀, kí ẹ rí orí rẹ̀.

Ìyàwó mi máa ń sọ pé tí gbogbo èrò bá ń wo ìyàwó níbi ìgbéyàwó, èmi á máa wo igi tí wọ́n so kánópì mọ́. Òótọ́ ni. Mo máa ń fojú díwọ̀n rẹ̀, mo sì máa ń sọ iye tí mo rò létí rẹ̀. Ó ti sú u. Àmọ́ ẹ ti rí irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ fóònù tó ń dá igi mọ̀ ló kàn. Ewé ni ẹ máa yà fún un, ewé wo? Ti arère wà lókè réré, èyí tí ẹ sì ṣà nílẹ̀ lè jẹ́ ti igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó bá di ọ̀gbẹlẹ̀, arère á ti wọ́wé tán, ẹ ò ní rí nǹkan kan yà. Àdá lẹ nílò. Ẹ bó èèpo rẹ̀ díẹ̀, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ dúró kí oje jáde. Oje funfun? Ó lè jẹ́ ìrókò, ó lè jẹ́ ahùn, ó lè jẹ́ ìré. Ẹ wá wo ẹ̀ka: ewé ahùn máa ń pagbo yí ẹ̀ka ká lójú kan náà, ti ìré máa ń kọjú síra ní méjì-méjì, ti ìrókò máa ń tẹ̀ lé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ewé tíìkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ẹ fọwọ́ ra á, ìka yín á pọ́n.

Ta ló máa kọ́ yín? Bàbá abúlé náà ni. Òun náà ni ẹ fẹ́ fi omi inú ọ̀rá dá lọ́lá lẹ́yìn tó ti bá yín rìn láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́! Ẹni tó bá yín ṣe "analysis" lórí tábìlì ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé gba owó gọbọi, ẹni tó mọ igi kò gba nǹkan kan. Ẹ bá a dúnàádúrà kí ẹ tó wọ igbó, kí ẹ sì san án. Tó bá dárúkọ igi kan, ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀ bó ṣe pè é, kí ẹ tó lọ wá ti Látìn.

Ìkarùn-ún, àbí ìkẹfà ló kàn báyìí: iṣẹ́ àṣekágbá nínú nọ́sìrì, ibi tí a ti ń tọ́ irúgbìn igi. Mo mọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ó sún mọ́ hostel, ẹ̀rọ omi wà nítòsí, ejò kò sí. Ẹ óò wá mú ìrókò nítorí orúkọ rẹ̀ dùn ún gbọ́. Ọmọbìnrin kan ra èso, ó ra ọ̀rá, ó san owó ìgbẹ́ adìyẹ, ó to irúgbìn rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bó ṣe yẹ. Kò sẹ́ni tó sọ nípa Phytolyma fún un. Kòkòrò kékeré ni. Ó máa ń yé ẹyin sára ìrókò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú. Ewé á wú, á ṣe kókó-kókó, kókó yẹn á là, orí irúgbìn á wá rà wálẹ̀, á dúdú. Nígbà tó fi máa pè mí, kò ku nǹkan kan tó fẹ́ wọ̀n mọ́. Bí ẹ bá sá fún ìrókò lọ bá ọ̀gánwó, Hypsipyla ń dúró dè yín níbẹ̀: ìdin rẹ̀ ló máa ń lu orí ọ̀gánwó wọlé, igi á kú lórí, á wá máa yọ ẹ̀ka ṣákaṣàka. Ẹ ka ìwé nípa kòkòrò tó ń jẹ igi yín kí ẹ tó ra ọ̀rá kan ṣoṣo. Tàbí kí ẹ sọ kòkòrò náà gan-an di iṣẹ́ yín, ìyẹn á wúlò ju "ipa ìgbẹ́ adìyẹ" tí wọ́n ti ṣe títí tó ti sú adìyẹ fúnra rẹ̀.

Lẹ́tà àṣẹ: ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni igbó ọba bí Ọmọ àti Olúwa, ìjọba àpapọ̀ ló ni ọgbà ẹranko bí Old Oyo. Ẹ má kọ lẹ́tà ti ọ̀kan sí èkejì, ẹ má sì gba ẹ̀yìn wọlé; ẹ̀ṣọ́ tó bá mú yín pẹ̀lú àdá lọ́wọ́ kò mọ̀ yín yàtọ̀ sí agbẹ́gilódò.

IT ní ọ́fíìsì tó ní AC: ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Rírà data, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìwọ̀n igi tí ẹ ò fúnra yín wọ̀n, ni mo fi sí ìkẹyìn. Àwọn kan ń tà á, ẹ mọ̀ wọ́n, èmi náà mọ̀ wọ́n. Ẹ rò pé a kì í dá a mọ̀. Nínú data tí wọ́n jókòó sílé ṣe, gbogbo ìbú máa ń parí sí 0 tàbí 5. Kò sí igi tó pín sí méjì. Kò sí èyí tó kú lóòró. Gbogbo pulọ́ọ̀tì ló ní iye igi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bẹ́ẹ̀ nínú igbó ọba tiwa yìí, tí àwọn agbẹ́gilódò ń wọ̀ lóru, àlàfo ni ẹ óò kọ́kọ́ rí. Wọ́n ní kí n wá bá wọn jókòó níbi tí ọmọ kan ti ń gbèjà irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé kùkùté mélòó ló rí nínú pulọ́ọ̀tì rẹ̀.

"Kùkùté kẹ̀, sà?"

Wọ́n dá a padà sínú igbó. Ó san owó ọkọ̀, ó san owó bàbá, ó san owó ọdún mìíràn, lórí owó tó ti kọ́kọ́ fi ra irọ́. Ìwé tí ẹ bá kọ nínú igbó, pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ọ́, torí báírò máa ń ṣàn tí òjò bá kàn án. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ orúkọ ẹni tó di téèpù mú àti ẹni tó ń kọ̀wé. Lálẹ́, kí ẹ tó sùn, ẹ fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì nínú ẹgbẹ́ yín.