Ìbéèrè tó jọ àlọ́ nínú fọ́ọ̀mù yunifásítì Amẹ́ríkà, bó o ṣe máa dá a lóhùn rèé

Ọmọkùnrin kan láàdúgbò wa níbí ní Ẹ̀pẹ́ wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, fóònù lọ́wọ́, ó ní "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo nǹkan táwọn èèyàn yìí ń bèèrè." Mo gbà á wò. Yunifásítì Chicago ni, lára àwọn ìbéèrè àtijọ́ tí wọ́n ṣì máa ń gbà kéèyàn mú, wọ́n ní kó wá x ("Find x"), kó fi àròkọ dá a lóhùn. Ó parí. Kò sí ìṣirò kankan lókè ẹ̀, kò sí A, B, C, D nísàlẹ̀ bíi ti JAMB. Ọmọ tó gba A1 nínú máàsì ní WAEC o, ó jókòó síbẹ̀ ó ń bi mí bóyá wọ́n fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Wọn ò fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, mo fẹ́ kíwọ tó ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé àlọ́ àpamọ̀ ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà. Tí wọ́n bá ní òrúkú tindí tindí, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò, kí wọ́n tó sọ ọ́ tán gbogbo ilé á ti pariwo "ẹ̀wà!", ìdáhùn kan péré ló ní, ẹni tó bá sọ nǹkan míì ti kùnà. Ìbéèrè tiwọn yìí ò ní ẹ̀wà nínú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló ń kọ̀wé sí wọn lọ́dọọdún, tí èsì ìdánwò ọ̀pọ̀ nínú wọn dára bíi tìẹ, máàkì ò lè sọ fún wọn irú èèyàn tó o jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ju ìbéèrè tí o ò retí sí ẹ, kí wọ́n lè rí bó o ṣe ń ronú nígbà tí kò sẹ́ni tó kọ́ ẹ ní ìdáhùn.

Chicago ló gbajúmọ̀ jù nínú ẹ̀, kódà àwọn ọmọ ilé ìwé náà fúnra wọn àtàwọn tó ti jáde níbẹ̀ ló máa ń dá àbá ìbéèrè wọ̀nyí. Wọ́n ti bèèrè rí pé báwo ni ọjọ́ Wednesday ṣe rí lára ẹ, wọ́n ti bèèrè pé báwo lèèyàn ṣe ń fi ápù wé ọsàn. Stanford máa ń ní kó o kọ lẹ́tà sí ẹni tẹ́ ẹ jọ máa gbé yàrá, ọ̀rọ̀ 100 sí 250. Yale ní àwọn ìbéèrè kékeré tí ìdáhùn wọn kò gbọdọ̀ ju bí ọ̀rọ̀ 35 lọ. Àròkọ ńlá inú Common App, ìyẹn fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ yunifásítì jọ ń gbà, jẹ́ ọ̀rọ̀ 250 sí 650, ìbéèrè méje ló wà níbẹ̀, ìkeje ní kó o kọ ohun tó bá wù ẹ́. Wọ́n máa ń pààrọ̀ àwọn kan lọ́dọọdún, torí náà orí ìkànnì ilé ìwé gan-an ni kó o ti wò ó, má gba tẹnu ọ̀rẹ́.

Ó yá, ká mú Wednesday yẹn ká jọ ṣe é. Má tíì tẹ nǹkankan. Mú ìwé àti bírò, fún ogún ìṣẹ́jú, kọ gbogbo ohun tó bá wá sọ́kàn ẹ, Yorùbá o, Òyìnbó o, má yan èyíkéyìí dànù. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá ni pé àárín ọ̀sẹ̀ ni Wednesday, ó kọ́ mi ní ìfaradà. Fi ìyẹn sílẹ̀, gbogbo ayé ló máa kọ ọ́. Tẹ̀ síwájú. Kí là ń pè é nílé? Ọjọ́rú. Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé ọjọ́ tí nǹkan máa ń rú pọ̀ ni, àwọn kan ò ní dáwọ́ lé nǹkan tuntun lọ́jọ́ yẹn. Ó dáa, màmá ẹ tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo ńkọ́, ṣé ó ti jókòó sílé rí torí pé Ọjọ́rú ni? Tọ́jà ò bá yá, ṣé ọjọ́ ló ń dá lẹ́bi ni àbí owó epo ọkọ̀? Ìwọ tó o lóo fẹ́ lọ ka statistics, ìwé tí màmá ẹ ń kọ ọjà sí ńkọ́, o ò ṣe ka oṣù mẹ́ta nínú ẹ̀, kó o fi owó Ọjọ́rú wé tàwọn ọjọ́ yòókù? Ṣé o ti rí i báyìí, èdè ẹ wà níbẹ̀, ilé ẹ wà níbẹ̀, iṣẹ́ tó o fẹ́ kọ́ wà níbẹ̀, tó o sì ti kúrò lórí ìfaradà tipẹ́. Tí ìṣirò ẹ bá wá fi hàn pé kò sí ìyàtọ̀ kankan, má fi pamọ́ o, ibẹ̀ gan-an ló dùn: kí ló dé táwọn èèyàn fi di ohun tí owó inú àpótí wọn ò tì lẹ́yìn mú? O ò ní láti rí ìdáhùn. Jẹ́ kí wọ́n rí ẹ níbi tó o ti ń wá a.

Ọmọ tó wá bá mi yẹn, mo bi í pé yàtọ̀ sí ìwé máàsì, ibo ló ti rí x rí. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní ara ilé ìyá àgbà òun. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí ògiri nígbà tí wọ́n fẹ́ la ọ̀nà gba ibẹ̀, ẹ sì mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wa ní Èkó, wọ́n máa wó o ni. Ó ní ọmọ kékeré lòun nígbà náà, òun wá ń ṣàlàyé fún ìyá àgbà pé nílé ìwé, x ni nọ́ńbà tí a ò mọ̀. Ìyá àgbà ní àwọn mọ tàwọn, ilé àwọn ni.

Ara mi bù mọ́ mi. Mo ní kọ ìyẹn, má fi nǹkankan kún un. Ó ní ṣé wọn ò ní rò pé òun ń tọrọ àánú? Ìbéèrè gidi nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló rò pé ìyà nìkan làwọn Amẹ́ríkà fẹ́ gbọ́. Ohun tí mo sọ fún un ni pé tó o bá kọ ọ́ kí wọ́n lè sunkún, o ti ń tọrọ nìyẹn, àmọ́ tó o bá kọ ohun tó o rò lọ́jọ́ náà, pé àmì kan náà jẹ́ ohun tí a ò mọ̀ nílé ìwé, ó sì jẹ́ ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ lára ògiri, èrò lo kọ yẹn.

Ti lẹ́tà Stanford ò le tó bẹ́ẹ̀, kó o má ṣáà gbé lẹ́tà WAEC lọ, àdírẹ́sì lápá ọ̀tún, "I am writing to inform you". Sọ fún ẹni yẹn pé aago mẹ́rin ìdájí lo máa ń jí torí ìgbà yẹn lẹ máa ń lọ gba ẹja létí omi, àti pé tó bá rí ẹ tó o kúnlẹ̀ kí lẹ́kọ́rà, kó má bẹ̀rù. Tó o bá dárúkọ Olúwo, fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ ohun tó jẹ́, kó o máa bá ọ̀rọ̀ ẹ lọ.

Nǹkan míì ni gígùn. WAEC kọ́ wa pé àròkọ kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 450, a wá mọ bí wọ́n ṣe ń fi gírámà ńláńlá fa ọ̀rọ̀ gùn. Níbí, iye ọ̀rọ̀ tí kò gbọdọ̀ kọjá ló máa dà ẹ́ láàmú jù. Kọ ọ́ pọ̀ kó o tó máa gé e, gbólóhùn àkọ́kọ́ ló sì sábà máa ń yẹ kéèyàn gé.

Jọ̀ọ́, mo bẹ̀ ẹ́, má ra sáńpù lọ́wọ́ àwọn káfè tó ń tà á, má sì jẹ́ kí AI bá ẹ kọ ọ́. Common App ka méjèèjì sí jìbìtì, iṣẹ́ ọdún mẹ́fà ní sẹ́kọ́ńdìrì lè ti ibẹ̀ bà jẹ́.

Ọ̀pọ̀ ilé ìwé máa ń gba fọ́ọ̀mù àwọn tó fẹ́ tètè ṣe é títí di 1 November, tàwọn yòókù máa ń bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ January. Fún ara ẹ ní oṣù kan gbáko, torí iná lè lọ, dátà lè tán. Tó o bá kọ ọ́ tán, fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kó o wá kà á sókè fún àbúrò ẹ tàbí ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ jọ ń gbé, tó bá dé ibì kan tó ní "ìwọ kọ́ lò ń sọ̀rọ̀ yẹn", fa ìlà sí i, ibẹ̀ ni wàá tún kọ.