Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ọ́fáhọ́ọ̀lù tí ò kíkì: ibi tẹ́ ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀

Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ríìngì àti bẹ́rìn, wọ́n tò ó padà, ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, tàbí kó kàn ṣe "tá!" lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n máa rán yín kiri láti Old Garage dé Òkè-Baálẹ̀ nítorí kíkì tòkunbọ̀ (ẹ̀rọ iná kékeré tó máa ń kọ́kọ́ yí ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́). Ní Òṣogbo níbí, kíkì ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ kíkì yẹn náà ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa kí mọ́tò tó wọ wọ́ọ̀ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí wọ́n fọwọ́ kàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì máa ń sọ pé "ẹ jẹ́ ká tì í", ẹ dákun ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Tó bá jẹ́ pé nǹkan ló há nínú ẹ́ńjìnnì, títì yẹn lè tẹ fáàfù tàbí kọ́ńrọ́ọ̀dù, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa wá san owó iṣẹ́ kan.

Irin lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó kan iná. Ẹ tú orí négétífù bátìrì, ẹ fi gíà sí nútírà, ẹ yọ gbogbo plọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ wá fi sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ọwọ́ gígùn yí bóòtì tó wà lórí pọ́lì ìsàlẹ̀ (irin roboto tí fáńbẹ́líìtì ń gbà yí) sí apá ọ̀tún bí aago ṣe ń yí (àwọn Honda àtijọ́ kan ló máa ń yí sí òsì). Ẹ yí i dé ìparí ẹ̀ẹ̀mejì gbáko, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni kráńkì (ọ̀pá irin ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí písítìnì ń yí) máa yí kí fáàfù tó parí iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ́ńjìnnì tuntun máa ń le díẹ̀ o, ìyẹn ò burú, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa lọ geere.

Tó bá ń lọ tó wá dúró gbàgà síbì kan náà ní gbogbo ìgbà, ẹ má fi agbára kún un. Ó lè jẹ́ pé wọn ò gbé táímíǹ (bẹ́líìtì tàbí ṣéènì tó so kráńkì pọ̀ mọ́ fáàfù) síbi tó yẹ, fáàfù wá ń kan písítìnì, tàbí kí nọ́ọ̀tì kan ti já sínú ihò plọ́ọ̀gì. Tó bá wá le koko káàkiri, bẹ́rìn ni, tàbí káàpù rẹ̀ (irin tó dè é mọ́ àyè rẹ̀). Káàpù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lára, ó sì ní àmì tó ń kọjú síwájú ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ọmọṣẹ́ á kó gbogbo wọn sínú abọ́ pẹtiróòlù kan ṣoṣo láti fọ̀ wọ́n, kò ní wo nọ́ńbà mọ́, èyí tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ló máa dì. Kò sí àbùjá níbẹ̀, ẹ ní láti ṣí páànù ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó.

Tó bá ń yí láìsí plọ́ọ̀gì, tó sì há nígbà tẹ́ ẹ dá plọ́ọ̀gì padà, omi tàbí ọ́ìlì ló kún orí písítìnì.

Èyí tó máa ń ba owó jẹ́ jù lọ ni ti ọkọ̀ ọtomátíìkì. Ẹ́ńjìnnì ń yí wẹ́rẹ́ nílẹ̀, wọ́n dè é mọ́ gíà, ó há. Torque converter (irin roboto tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọ inú gíà) ni kò wọlé tán. Ṣe ni wọ́n máa tì í wọ inú gíà kí wọ́n máa yí i títí á fi já wọlé, ó lè já ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnnì àti gíà gbọ́dọ̀ fi ẹnu kanra fúnra wọn. Tẹ́ ẹ bá rí mẹkáníìkì tó ń fi bóòtì fà wọ́n mọ́ra, ẹ dá a dúró, pọ́ńpù gíà ló ń fọ́ yẹn.

Ẹ tún tú fáńbẹ́líìtì, bóyá kọ́ńpírẹ́sọ̀ AC tàbí ọtanétọ̀ ló gan.

Tí irin bá dáa, ẹ dá orí négétífù bátìrì padà, ó kan iná. Bátìrì tó ti wà ní wọ́ọ̀ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan táwọn ọmọṣẹ́ fi ń gbọ́ rédíò, kí lẹ rò pé ó kù nínú ẹ̀? Tó bá kún, ó yẹ kó ka nǹkan bí 12.6 vọ́ọ̀tì, nígbà tẹ́ ẹ bá sì ń kíkì, kò yẹ kó já wálẹ̀ kọjá nǹkan bí 9.6.

Ẹ́ẹ̀tì wáyà (wáyà tó so négétífù bátìrì mọ́ irin ẹ́ńjìnnì) ló tẹ̀ lé e, òun gan-an ni mo máa ń fura sí jù. Wọ́n á kun bulọ́ọ̀kù ní sílífà kó lè dán lójú oníbàárà, wọ́n á wá di ẹ́ẹ̀tì lé ọ̀dà yẹn lórí, tàbí kí wọ́n gbàgbé ẹ̀ pátápátá. Ẹ mú wáyà jọ́ńpà kan, ẹ fi orí kan gán négétífù bátìrì, kí ìkejì gán irin ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ̀dà, ẹ wá kíkì. Tó bá dáhùn, ẹ ti rí i nìyẹn, ẹ fi sáńpépà họ ọ̀dà náà dànù.

Tí kò bá dáhùn, ẹ fi tẹ́sítà sí wáyà kékeré tó wọ kíkì, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́. Tí iná ò bá dé ibẹ̀, ẹ wo fíúsì, rílè, súwíìṣì kílọ́ọ̀ṣì tàbí ti gíà (P tàbí N), àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọn ò fi padà. Tí iná bá dé ibẹ̀, tó tún dé wáyà ńlá, tí ẹ́ẹ̀tì dáa, kíkì ló bàjẹ́ wàyí, ẹ lè lọ rà á.

Tó bá ti ń yí, ẹ má tíì sitáàtì ẹ o. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì síta, ẹ yọ fíúsì pọ́ńpù epo àti ti iná plọ́ọ̀gì, ẹ máa kíkì í fún sẹ́kọ́ńdì 10, ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ tún kíkì, títí iná ọ́ìlì fi máa kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ tó dá gbogbo ẹ̀ padà.